Kí Ẹ̀mí Gùn, Kí Ara Sì Le: Ohun Tí Ẹ Ó Máa Ṣe Lójoojúmọ́ àti Bí Ẹ Ó Ṣe Tò Ó

Ìbéèrè kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn òǹkàwé mi: "Mo fẹ́ dàgbà o, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ fi ogbó dùbúlẹ̀ àìsàn. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?" Ẹni tó ń béèrè lè ti ra ike oògùn afáralókun mẹ́ta. Òmíràn ń fi aago ọwọ́ ka ìṣísẹ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í pé mélòó ni ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, kò ní rántí ìgbà tó wọ̀n ọ́n kẹ́yìn. Kì í ṣe pé wọn ò ṣe iṣẹ́. Wọn ò mọ èyí tó yẹ kó ṣáájú ni. Ohun tí mo fẹ́ tò síbí nìyẹn: èwo ló ṣáájú, èwo ló tẹ̀lé e, ibo lẹsẹ̀ ti máa ń yọ̀.

## Ohun tí à ń lé

Àjọ Ìlera Àgbáyé máa ń ṣírò nǹkan méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ọdún tí ènìyàn ń retí láti lò láyé, àti ọdún tó ń retí láti fi ara líle lò. Ní 2021, bí a bá da gbogbo ayé pọ̀, ti àkọ́kọ́ jẹ́ 71.4, ti èkejì jẹ́ 61.9. Ẹ yọ ọ̀kan nínú èkejì. Ọdún 9.5 ló wà láàárín wọn tí àìsàn àti àbùkù ara ń jẹ. (Kì í ṣe ìgbà ogbó nìkan ni wọ́n ti kó o jọ o. Ẹ̀yìn tó ń ro ẹni ọdún 35 náà wà nínú ìṣirò yẹn.)

Ǹjẹ́ ìṣesí ojoojúmọ́ lè dín àlàfo yẹn kù? Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2020, tí wọ́n ṣe lórí àwọn nọ́ọ̀sì àtàwọn òṣìṣẹ́ ìlera mìíràn, wo nǹkan márùn-ún: àìmu sìgá rárá, ìwọ̀n ara tó bójú mu, ìdárayá 30 ìṣẹ́jú ó kéré tán lóòjọ́, oúnjẹ gidi, àti ọtí tí kò pọ̀. Obìnrin ẹni ọdún 50 tó ní mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú wọn ń retí ọdún 34.4 sí i láìní àtọ̀gbẹ, àrùn ọkàn tàbí jẹjẹrẹ. Èyí tí kò ní ìkankan ń retí 23.7. Ti ọkùnrin jẹ́ 31.1 sí 23.5. Àkíyèsí ni wọ́n ṣe, wọn ò pín ènìyàn sí ọ̀nà méjì kí wọ́n dán wọn wò, nítorí náà a ò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé ìṣesí nìkan ló mú ìyàtọ̀ yẹn wá. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tó lé ní ọdún mẹ́wàá fún obìnrin, tó sì lé ní méje fún ọkùnrin, kì í ṣe ohun tí a lè fojú pa rẹ́.

## Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ kó àwọn nǹkan wọ̀nyí jọ:

- Ìwé kékeré kan àti bírò, tàbí fóònù yín
- Okùn ìwọ̀n tí àwọn télọ̀ ń lò
- Àga líle kan tí kò ní apá, tí kò sì ní táyà
- Aago tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá
- Ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí ẹ ò bá ní, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn tàbí ilé oògùn tó sún mọ́ yín

Àwọn tó ti ń lo oògùn fún ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ tàbí àrùn ọkàn: ẹ má dá oògùn yín dúró nítorí ohun tí ẹ kà níbí. Ẹ fi han dókítà yín kí ẹ jọ tún un ṣe.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wọn ara yín

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni olè tí mo ń wí. Ó lé ní bílíọ̀nù kan àgbàlagbà tó ní in káàkiri ayé, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tí kò mọ̀ pé àwọn ní in. Ohun tó mú kó rí bẹ́ẹ̀ ni pé kì í ro ènìyàn. Àwọn kan gbà pé bí orí ò bá ti fọ́ wọn, ẹ̀jẹ̀ wọn ò ru. Irọ́ ni. Ó lè máa ba kíndìnrín, ojú, ọkàn àti ọpọlọ jẹ́ fún ọdún mẹ́wàá kí ẹ má fura, kí rọpárọsẹ̀ tó wá jẹ́ àmì àkọ́kọ́.

Bí ẹ ó ṣe wọ̀n ọ́n:

1. Láàárín 30 ìṣẹ́jú tó ṣáájú, ẹ má mu kọfí, ẹ má fa sìgá, ẹ má ṣe eré ìdárayá.
2. Ẹ lọ tọ̀. Bí àpòòtọ̀ bá kún, nọ́ńbà á gòkè.
3. Ẹ jókòó sórí àga, ẹ fẹ̀yìn tì, ẹ tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀. Ẹ má fi ẹsẹ̀ kọ́ra. Ẹ dákẹ́ jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5.
4. Ẹ gbé apá lé tábìlì, kí aṣọ ẹ̀rọ tí ẹ wé mọ́ ọn wà ní déédéé àyà. Ara lásán ni kí ẹ wé e mọ́, kì í ṣe orí aṣọ.
5. Ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ má tẹ fóònù.
6. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ fi ìṣẹ́jú kan sí àárín wọn. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti àsìkò.
7. Ẹ ṣe é láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ 7, kí ẹ tó sọ ohunkóhun nípa rẹ̀.

Mo ti ṣe àṣìṣe gbogbo èyí rí nínú ọjọ́ kan ṣoṣo. Mo sáré gun àtẹ̀gùn, mo wé ẹ̀rọ mọ́ orí aṣọ òtútù, mo sì ń bá ẹnìkan jiyàn lórí fóònù. Nọ́ńbà tó yọ síta fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi jókòó kọ ìwé ìhágún. Ní ìdajì wákàtí lẹ́yìn ìyẹn, tí mo jókòó bí ọmọlúàbí, ara mi dá ṣáká.

Nọ́ńbà tí dókítà ń pè ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bó bá jáde lọ́jọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní ilé ìwòsàn. Bó bá jẹ́ ilé lẹ ti ń wọ̀n ọ́n, 135 àti 85 ni ọ̀pọ̀ wọn ń wò, nítorí ara máa ń balẹ̀ nílé. Bí ẹ bá rí 180 lórí 120 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ẹ sinmi díẹ̀ kí ẹ tún un wọ̀n. Bí kò bá lọ sílẹ̀, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Bí àyà bá ń dùn yín, tí èémí ń gé, tàbí tí apá kan ń kú tipiri, ẹ má dúró wọn ohunkóhun mọ́, ilé ìwòsàn ni.

Àwọn ìwọ̀n yòókù yá:

- Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ kí ẹ tó jẹun. 126 mg/dL (7.0 mmol/L) sókè, bí àyẹ̀wò kejì bá fìdí rẹ̀ múlẹ̀, àtọ̀gbẹ ni.
- Ìbú ikùn. Ẹ fi okùn wọ̀n ọ́n lókè ìdodo díẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá mí síta. Ó yẹ kó kéré sí ìdajì gíga yín. Bí ẹ bá ga tó 170 sẹ̀ǹtímítà, kó má dé 85.
- Àga. Ẹ ti ẹ̀yìn àga mọ́ ògiri, ẹ jókòó, ẹ ká apá méjèèjì lé àyà. Ẹ dìde dúró gbọnrangandan, kí ẹ tún jókòó. Ìgbà mélòó lẹ lè ṣe é nínú 30 ìṣẹ́jú àáyá? Láàárín ẹni ọdún 60 sí 64, ọkùnrin tí kò bá lè ṣe tó 14 àti obìnrin tí kò bá lè ṣe tó 12 ti rẹ̀yìn sí àwọn ẹgbẹ́ wọn.
- Ẹsẹ̀ kan. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹ gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Ṣé ẹ lè dúró fún 10 ìṣẹ́jú àáyá láìdi nǹkan mú?

*Ìkìlọ̀:* bí òòyì bá ń kọ́ yín, tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ sí yín ní orúnkún tàbí ìbàdí, ẹ fo méjì tó gbẹ̀yìn yẹn.

Èmi fẹ́ràn ti àga ju gbogbo wọn lọ. Kò náni ní kọ́bọ̀, kò sì sí bí ẹ ó ṣe tan an jẹ.

## Ìgbésẹ̀ 2: Bí ẹ bá ń mu sìgá, ibí ni kí ẹ dúró ná

Ẹ má tíì ronú nípa ẹ̀fọ́. Ẹ má tíì ra bàtà ìsáré. Kò sí nǹkan mìíràn nínú ìtọ́sọ́nà yìí tó wúwo tó èyí. Nínú àwọn tó ń lo tábà tí wọn ò jáwọ́, ó lè tó ìdajì tí tábà máa pa. Èéfín rẹ̀ tí àwọn ẹlòmíràn ń fà símú náà ń pa ju mílíọ̀nù kan ènìyàn lọ lọ́dọọdún.

Ìròyìn ayọ̀ ibẹ̀ nìyí: ara kì í di kùnrùngbùn. Ìwádìí tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe lórí àwọn dókítà ní Gẹ̀ẹ́sì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1951, fi hàn pé ẹni tó jáwọ́ ní ọdún 60 gba nǹkan bí ọdún 3 padà. Ẹni tó jáwọ́ ní 50 gba 6. Ní 40, ó gba 9. Ní 30, ó gba 10, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ohun tí sìgá ì bá jí gbé.

1. Ẹ mú ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó ń bọ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.
2. Ẹ sọ fún ẹni méjì tí ojú máa tì yín níwájú wọn.
3. Fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kọ àsìkò tí ẹ fa ọ̀kọ̀ọ̀kan àti ohun tí ẹ ń ṣe nígbà náà. Ẹ ó rí i pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ara ń béèrè. Ọwọ́ lásán ló ń wá a.
4. Ẹ béèrè ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìlera: níkótíìnì (èròjà inú tábà tí ara ń béèrè) tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara, ṣingọ́ọ̀mù rẹ̀, tàbí oògùn. Kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ láti lò wọ́n.
5. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ kó sìgá, ìṣáná àti àwo eérú jáde nílé.
6. Bí ìfẹ́ rẹ̀ bá gbé yín, ẹ wo aago. Kì í ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ kó tó rọlẹ̀. Ẹ mu omi, ẹ rìn jáde, ẹ pe ẹnìkan.

Àṣìṣe tó gbajúmọ̀ jù ni kí ènìyàn dín in kù láti 20 sí 1 lóòjọ́, kó wá jókòó síbẹ̀. Ní ti ọkàn, ẹyọ kan ṣoṣo lójúmọ́ ṣì ń gbé tó nǹkan bí ìdajì ewu tí 20 ń gbé. Dídínkù dára bó bá jẹ́ ọ̀nà lẹ fi ń lọ sí òdo. Bí ẹ bá kọ́lé síbẹ̀, ẹ tan ara yín jẹ.

Bí ẹ bá sì ṣubú, ẹ tún ọjọ́ mìíràn mú. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ti jáwọ́ pátápátá ló gbìyànjú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà iṣan

Ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà ni 150 sí 300 ìṣẹ́jú ìdárayá tó mọ níwọ̀n lọ́sẹ̀, tàbí 75 sí 150 bó bá jẹ́ èyí tó le. Ọjọ́ méjì ó kéré tán lọ́sẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti iṣan. Bí ẹ bá ti lé ní 65, ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta kún un fún bí ẹsẹ̀ á ṣe máa dúró ṣinṣin.

Báwo lẹ ó ṣe mọ èyí tó mọ níwọ̀n? Bí ẹ bá lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ ò lè kọrin, ẹ ti dé ibẹ̀. Bí ẹ bá lè kọrin, ẹ yára sí i.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí òkè:

- Ọ̀sẹ̀ 1 sí 2. Ẹ rìn fún ìṣẹ́jú 10 lẹ́yìn oúnjẹ kan lójúmọ́. Ó tán.
- Ọ̀sẹ̀ 3 sí 4. Ìṣẹ́jú 10 lẹ́yìn oúnjẹ méjì.
- Ọ̀sẹ̀ 5 sí 6. Ẹ sọ ọ́ di 30 ìṣẹ́jú lójúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún. Kò pọn dandan kó wá lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi nǹkan mẹ́ta kún un lọ́jọ́ méjì: ìdìde-jókòó lórí àga, títi ara kúrò lára ògiri, àti dídúró lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìgbà 10, ọ̀wọ́ méjì.
- Ọ̀sẹ̀ 7 lọ. Bí 10 bá ti rọrùn, ẹ gbé nǹkan wíwúwo dání, tàbí kí ẹ lo okùn rọ́bà. Iṣan tí kò rí ẹrù kì í le sí i.

Ní ti 10,000 ìṣísẹ̀ tí gbogbo ayé ń pariwo: ilé iṣẹ́ tó ta ẹ̀rọ ìka-ìṣísẹ̀ ní Japan ní àárín ọdún 1960 ló fi nọ́ńbà yẹn polówó. Àwọn ìwádìí tí wọ́n kó pọ̀ ní 2022 fi hàn pé fún ẹni tó ti lé ní 60, èrè rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i mọ́ bó bá ti dé nǹkan bí 6,000 sí 8,000. Fún ẹni tí kò tíì pé 60, 8,000 sí 10,000 ni. Ẹni tó ń rìn 2,000 tó wá di 4,000 ti ṣe nǹkan ńlá.

Ibi tí mo ti ń rí àwọn òǹkàwé tó ń ṣìnà jù ni pé wọ́n ń rìn, wọ́n ń rìn, wọn ò gbé nǹkan kan rí. Ìrìn dára fún ọkàn àti ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n láti dìde lórí àga, láti gun àtẹ̀gùn, láti gba ara ẹni mú nígbà tí ẹsẹ̀ bá yọ̀, iṣan ló ń ṣe é. Láti nǹkan bí ọdún 30 sí 40 ni iṣan ti ń joro díẹ̀díẹ̀ lára ẹni tí kò lò ó. Ìṣubú kan tó ṣẹ́ egungun ìbàdí lè gba òmìnira àgbàlagbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sàn-án kan. Nítorí náà, bí ọ̀sẹ̀ yín bá há, tí ẹ ní láti fo nǹkan kan, ẹ fo ìrìn ọjọ́ kan. Ẹ má fo ọjọ́ iṣan.

Bí kò bá ṣeé ṣe fún yín láti rìn:

- Orúnkún ń dùn: ẹ wẹ̀ nínú odò ìlúwẹ̀ẹ́, tàbí kí ẹ wa kẹ̀kẹ́ tó dúró lójú kan.
- Ẹ ò lè dúró: ẹ jókòó, ẹ máa ju apá síwájú àti sókè, ẹ máa na ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ fi okùn rọ́bà fa nǹkan.
- Iṣẹ́ ìjókòó lẹ ń ṣe látàárọ̀: ẹ dìde ní gbogbo 30 sí 60 ìṣẹ́jú, kó tiẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú méjì.

*Ẹ dúró lójú ẹsẹ̀* bí àyà bá há, bí òòyì bá kọ́ yín, tàbí tí èémí ò bá padà lẹ́yìn ìsinmi.

## Ìgbésẹ̀ 4: Iyọ̀ àti àwo oúnjẹ

Iyọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, nítorí òun ló bá ẹ̀jẹ̀ ríru mulẹ̀. Gbogbo iyọ̀ tó yẹ kí àgbàlagbà jẹ lójúmọ́ kò gbọdọ̀ tó gíráàmù 5, ìyẹn ṣíbí tíì kan tí kò gòkè. *Gbogbo rẹ̀* ni mo wí: èyí tí ẹ bù sọ́bẹ̀, èyí tó wà nínú èròjà amóbẹ̀dùn, nínú búrẹ́dì, nínú oúnjẹ agolo, nínú ẹran tí wọ́n fi iyọ̀ pa mọ́.

1. Ẹ gbé iyọ̀ kúrò lórí tábìlì.
2. Bí ẹ bá ń lo èròjà amóbẹ̀dùn, ẹ má tún bu iyọ̀ sí ìkòkò kan náà. Iyọ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀.
3. Ẹ dín ohun tí ẹ ń bù kù ní ìdá mẹ́rin. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ tún dín in kù. Ahọ́n máa ń kọ́ ọ. Ọbẹ̀ tó tẹ́ lẹ́nu lónìí á tó iyọ̀ lóṣù tó ń bọ̀.
4. Ẹ fi àlùbọ́sà, ata, atalẹ̀, ewéko olóòórùn dídùn tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ rọ́pò rẹ̀.

*Ìkìlọ̀:* iyọ̀ kan wà tí wọ́n fi èròjà mìíràn, potassium, rọ́pò apá kan sodium rẹ̀, ìyẹn èròjà inú iyọ̀ tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Ó wúlò fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò pé, tàbí tó ń lo àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà.

Lẹ́yìn iyọ̀, ẹ wo ohun tí ẹ ń mu kí ẹ tó wo ohun tí ẹ ń jẹ. Ṣúgà tí wọ́n fi kún nǹkan, àti ti oje èso àti oyin, kò yẹ kó ju ìdá mẹ́wàá agbára oúnjẹ yín lọ, nǹkan bíi gíráàmù 50 lójúmọ́. Bó bá lè jẹ́ ìdajì ìyẹn, ó tún dára sí i. Ike ẹlẹ́rìndòdò ńlá kan lè mú gbogbo rẹ̀ lọ kí ẹ tó jókòó ti oúnjẹ.

Fún àwo fúnra rẹ̀: ìdajì rẹ̀ fún ẹ̀fọ́ àti èso, ìdá mẹ́rin fún oúnjẹ ọkà tí wọn ò họ èèpo rẹ̀ tán, ìdá mẹ́rin fún ẹ̀wà, ẹja, ẹyin tàbí ẹran. Gíráàmù 400 ẹ̀fọ́ àti èso lójúmọ́ ni ìwọ̀n tó kéré jù.

Àwọn tó ti lé ní 65, ẹ fetí sí èyí: ẹ má bá àwọn ọ̀dọ́ sáré láti fọn. Bí ara bá ń fọn láìṣe pé ẹ wá a, ẹ lọ rí dókítà. Bó sì jẹ́ ẹ̀yin lẹ fẹ́ dín ara kù, ẹ rí i pé ẹ̀wà, ẹja tàbí ẹyin wà nínú oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má baà pàdánù iṣan mọ́ ọ̀rá.

## Ìgbésẹ̀ 5: Ọtí

Ìwádìí tí mo mẹ́nu bà lókè ka ọtí tí kò pọ̀ mọ́ ìṣesí rere. Ẹ má tìtorí ìyẹn bẹ̀rẹ̀ sí í mu bí ẹ ò bá ń mu. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti là á mọ́lẹ̀ ní 2023 pé kò sí ìwọ̀n ọtí tí kò léwu fún ìlera. Ó ń fa jẹjẹrẹ. Ẹni tó ń mu, kó dín in kù, kó sì ní ọjọ́ tí kò kàn án rárá.

*Ìkìlọ̀ ńlá:* ẹni tó ti ń mu púpọ̀ lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́ kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì fúnra rẹ̀. Gìrì lè gbé e, ó sì lè pa á. Kó lọ bá dókítà kí wọ́n jọ dín in kù.

## Ìgbésẹ̀ 6: Oorun

Wákàtí 7 ó kéré tán ni àgbàlagbà nílò. Ọ̀pọ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn: wọ́n ń fipá mú ara sùn ní agogo mẹ́sàn-án, oorun ò sì wá. Ìgbà tí ẹ ń jí ni kí ẹ dì mú.

1. Ẹ mú àsìkò jíjí kan, kó má yí padà, títí kan òpin ọ̀sẹ̀.
2. Ẹ jáde sínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán láàárín wákàtí àkọ́kọ́.
3. Ẹ má mu kọfí lẹ́yìn ọ̀sán gangan. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 5, ìdajì rẹ̀ ṣì wà lára.
4. Ẹ gbé fóònù sí ibi tí ọwọ́ ò tó láti orí ibùsùn.
5. Bí oorun ò bá wá lẹ́yìn nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, ẹ dìde, ẹ ṣe nǹkan jẹ́jẹ́, kí ẹ tún padà.

Bí ẹni tó ń sùn tì yín bá ní ẹ máa ń hanrun, tí èémí yín á dá, tí ẹ ó wá mí kanlẹ̀ bí ẹni tó rì sómi, ẹ má fi ṣe ẹ̀rín. Àìsàn ni, ó máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, ó sì ní ìtọ́jú.

## Àwọn tí a máa ń gbàgbé

Etí, ojú, eyín, abẹ́rẹ́ àjẹsára, àti ènìyàn. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tó gbé ìròyìn jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet ní 2024 ka nǹkan 14 tí a lè ṣe nǹkan sí, tó rọ̀ mọ́ nǹkan bí ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún àrùn iyè ríra. Àìgbọ́ràn dáadáa àti àìríran tí wọn ò tọ́jú wà níbẹ̀, ìdánìkanwà náà wà níbẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ á kọ́kọ́ máa rẹ́rìn-ín tẹ̀lé wọn, lẹ́yìn náà kò ní wá sáàárín wọn mọ́. Ẹ lọ yẹ etí wò. Ẹ fọ eyín lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ pẹ̀lú ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride.

## Bí ẹ ó ṣe mú kó di bárakú

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní London rí i pé ó gba àwọn ènìyàn ní ọjọ́ 66 ní ìpíndọ́gba kí ìṣesí tuntun tó di ohun tí wọn kì í ronú sí mọ́. Ṣùgbọ́n ó yàtọ̀ láti ọjọ́ 18 títí dé 254, nítorí náà ẹ má fi ti aládùúgbò wọn tiyín. Wọ́n tún rí i pé fífo ọjọ́ kan kò ba nǹkan jẹ́.

- Ẹ mú ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan.
- Ẹ so ó mọ́ nǹkan tí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀: "Bí mo bá ti fọ eyín tán, màá dìde-jókòó ní ìgbà 10."
- Ẹ jẹ́ kó kéré débi pé ọjọ́ tó rẹ̀ yín jù náà ẹ ó lè ṣe é.
- Ẹ lè fo ọjọ́ kan. Ẹ má fo méjì tẹ̀léra.

## Ìwé tí ẹ ó lẹ̀ mọ́ ògiri

*Lójoojúmọ́*
- Kò sí sìgá
- Ìrìn 30 ìṣẹ́jú, tàbí ohun tó rọ́pò rẹ̀
- Ẹ̀fọ́ tàbí èso nínú gbogbo oúnjẹ
- Omi dípò ẹlẹ́rìndòdò
- Jíjí ní àsìkò kan náà

*Lọ́sẹ̀*
- Ọjọ́ iṣan méjì
- Ẹni kan tí ẹ lọ kí, kì í ṣe lórí fóònù

*Lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta*
- Ẹ̀jẹ̀ ríru (lemọ́lemọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ bí dókítà bá ní kí ẹ ṣe é)
- Ìbú ikùn
- Ìdánwò àga àti ẹsẹ̀ kan

## Ìbéèrè méjì tí wọ́n tún máa ń bi mí

"Ṣé kí n ra oògùn fítámì?" Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé nǹkan kan dín lára yín, bẹ́ẹ̀ ni. Bí kò bá sí èyí, ẹ fi owó náà ra ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru.

"Mo ti lé ní 70, mo sì ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣé kò ti pẹ́ jù?" Àwọn ẹni ọdún 90 tí wọ́n fi ẹrù kọ́ iṣan nínú ìwádìí, iṣan wọn le sí i láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ẹ lo oògùn yín bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ẹ jẹ́ kí ẹnìkan dúró tì yín, ẹ fa àga yẹn mọ́ ògiri. Iye ìgbà yòówù kí ẹ lè dìde lónìí, kó tiẹ̀ jẹ́ mẹ́ta, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ òní lórí rẹ̀.